Kí Káyó-Káyó tó dé: owó-orí ilé ìtura àti owó ìrànwọ́ ọdún ìbílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Bí Iléyá àti ọdún Káyó-Káyó tó ń tẹ̀lé e bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ni ilé ìtura àti ilé oúnjẹ ní Ẹ̀pẹ́ máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì mi: ṣé ìjọba kò lè bá wa dín owó-orí kù lásìkò ọdún ni? Ìdẹ̀ra wà nínú òfin, ṣùgbọ́n iye tó wọlé fún yín àti ìwé tí ẹ tọ́jú ni wọ́n so ó mọ́, kì í ṣe ọjọ́ ọdún.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ní ilé ìtura oníyàrá mẹ́jọ, tó fi orúkọ òwò lásán forúkọ sílẹ̀, tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Lábẹ́ òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san owó-orí lé lórí kò ní owó-orí kankan. Bí ₦3,600,000 bá wọlé fún ìyá yìí lọ́dún, tí díísù (epo ẹ̀rọ amúnáwá), owó òṣìṣẹ́, aṣọ ibùsùn àti àtúnṣe ẹ̀rọ omi sì jẹ ₦2,900,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦700,000, kò sì sí owó-orí tí yóò san lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìnáwó náà dà? Oníbàárà mi kan kó rìsíìtì díísù odidi ọdún kan wá nínú àpò nylon. Nígbà tí mo tú u, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti funfun báláú, nítorí pé bébà tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ kì í di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mú pẹ́. Ẹ tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí ìnáwó, òṣìṣẹ́ owó-orí lè fi òye tirẹ̀ díye lé èrè rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdo ni owó tó kàn yín, ìwé ìṣirò yín gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ LIRS, àjọ tó ń gba owó-orí ní ìpínlẹ̀ Èkó, kí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta tó kọjá.

Ọ̀tọ̀ ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ọdún 2009 gbé ka orí yàrá ilé ìtura àti oúnjẹ. Oníbàárà ló ń san owó yẹn, ẹ kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Yàrá mẹ́jọ ní ₦20,000, fún òru mẹ́ta lásìkò ọdún, jẹ́ ₦480,000. ₦24,000 lórí rẹ̀ kì í ṣe tiyín, ẹ má ṣe fi ra díísù.

Ní ti owó ìrànwọ́ fún ọdún fúnra rẹ̀, ohun tó ń dí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọdún lọ́wọ́ jù ni kàlẹ́ńdà. Káyó-Káyó, tó ń ṣe ìrántí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, ń tẹ̀lé Iléyá, Iléyá sì ń tẹ̀lé òṣùpá, nítorí náà ó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Ètò ìṣúná ìjọba kì í sún ní tirẹ̀: oṣù kìíní ló ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ nígbà tí àgọ́ ti ń dìde ti pẹ́ jù; kí òjò tó dá ni kí lẹ́tà ti ọdún tó ń bọ̀ ti wà ní ìjọba ìbílẹ̀ àti ní ìpínlẹ̀, pẹ̀lú iye tí ẹ ná lọ́dún tó kọjá.

Ẹ má sì ṣe bẹ̀bẹ̀ bí alágbe. Nínú owó VAT, ìyẹn owó-orí tí à ń san lórí ọjà àti iṣẹ́, tí wọ́n ń pín, ìdá márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ìdá márùndínlọ́gọ́ta sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀. Òfin tuntun náà sì wo ibi tí wọ́n ti ra ọjà, tí wọ́n ti jẹun, nígbà tó ń pín in. Àlejò tó sùn ní Ẹ̀pẹ́ ti dá sí i.

Kí ìgbìmọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí àkáǹtì báńkì jẹ́ ti ìgbìmọ̀, kì í ṣe ti alága. Mo mọ̀ pé èyí máa ń bí àwọn àgbà kan nínú. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ yóò bèèrè ìwé owó tó sọ pé pátákó ìpolówó ni òun sanwó fún, nítorí ìyẹn ni yóò fi lè kà á mọ́ ìnáwó òwò rẹ̀. Owó inú àpòòwé kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.