Ẹ̀dọ̀ ló gbé e dúró: bí ṣáàkì ìsàlẹ̀ òkun ṣe ń rí ayé gbé

Ká tètè yanjú ọ̀rọ̀ kan ná: ṣáàkì là ń sọ o, àkurákudà inú òkun, kì í ṣe ṣàkì tí wọ́n ń gé sínú ọbẹ̀. Lóòótọ́ Igbó Olókun wà ní Ifẹ̀ látayébáyé, àmọ́ ìlú yìí jìnnà sí òkun, ẹja òkun tí ọ̀pọ̀ mọ̀ níbí ò ju Títù àti Kòtè tó ti gan sínú páálí kó tó dé ọjà Odò-Ogbè. Eléyìí ò sí nínú páálí yẹn. Òyìnbó ń pè é ní Portuguese dogfish, orúkọ ìwé ẹ̀ ni Centroscymnus coelolepis, àwọn onímọ̀ méjì ará Pọtugí, Barbosa du Bocage àti Brito Capello, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1864. Kò tóbi bí ṣáàkì inú fíìmù rárá, èyí tó gùn jù nínú wọn ò ju nǹkan bíi mítà 1.2 lọ, ẹ sọ pé ọmọ praimari, ara ẹ̀ sì dúdú bíi kóró iṣin.

Mítà 400 wálẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń rí i, wọ́n sì ti rí i níbi tó jìn ju mítà 3,600 lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ṣáàkì míì tó ń débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dá ìjìn yẹn dùbúlẹ̀ sójú títì kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ rìn ín, á gbà yín tó ìṣẹ́jú 40 dáadáa. Oòrùn ò débẹ̀, omi ibẹ̀ sì tutù bí inú fíríìjì.

Omi wúwo, gbogbo ẹni tó bá ti ru garawa rí ló mọ̀. Ní mítà 1,000, omi tó wà lókè á máa tẹ ibi tí ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ pẹ̀lú nǹkan tó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 2, ẹ wá ro gbogbo ara pọ̀. Kí ló wá dé tí ẹja yìí ò fọ́? Ẹ mú ike omi tó ṣófo kẹ́ ẹ dé e pa kẹ́ ẹ wá fún un, á rún wómúwómú torí afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ píọ̀ wọ́tà tó kún fọ́fọ́ tí wọ́n tẹ̀ lọ́gbọọgba láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ò níbi tó máa rún sí. Ara ṣáàkì yìí dà bíi píọ̀ wọ́tà yẹn, omi àti òróró ló kún inú ẹ̀.

Ìyẹn nìkan ò tó ṣá. Àwọn purotéènì kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara, omi yẹn máa ń tẹ̀ wọ́n wọ́, tí wọ́n bá sì ti wọ́ wọn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Oògùn tí àwọn ẹja ìsàlẹ̀ òkun ní fún un ni kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní TMAO, òun ló ń gbá purotéènì mú, bí ibi tí ẹja ń gbé bá sì ṣe jìn tó ni TMAO ara ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ ti gbóòórùn ẹ̀ rí o, ẹja tó wà nínú fírísà tí wọ́n wá mú iná lọ fọ́jọ́ mẹ́ta, òórùn tó ń lé oníbàárà yẹn, TMAO tí bakitéríà ti sọ di nǹkan míì wà lára ẹ̀. Ṣáàkì tún máa ń tọ́jú yúríà sínú ẹ̀jẹ̀, yúríà kan náà tí àgbẹ̀ ń fi sídìí àgbàdo, kí iyọ̀ òkun má baà fa omi ara ẹ̀ gbẹ. Yúríà fúnra ẹ̀ sì máa ń da purotéènì láàmú, TMAO ló tún ń bá a yanjú ìyẹn. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni TMAO ń pọ̀ tí yúríà ń dín kù, àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìdí nìyẹn tí ṣáàkì ò fi lè kọjá nǹkan bíi mítà 4,000, torí á débì kan tí àyè ò gba TMAO mọ́, nígbà tí àwọn ẹja kan tó léegun ń gbé ibi tó ju mítà 8,000 lọ.

Ó wá kan ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti la inú ẹ̀pìyà rí á ti rí àpò funfun kan tó dà bíi bàlúùnù, afẹ́fẹ́ ló wà ńbẹ̀, òun ni ò jẹ́ kí ẹ̀pìyà rì. Ṣáàkì kankan ò ní in. Dípò ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ràbàtà tó kún fún òróró ni wọ́n fi ń gbéra, epo pupa náà kúkú máa ń léfòó sórí omi. Nínú ṣáàkì ìsàlẹ̀ òkun, ẹ̀dọ̀ yẹn lè tó ìdá mẹ́rin kan ara ẹ̀, bíi pé ẹni tó wọn kílò 80 ń ru ẹ̀dọ̀ kílò 20 kiri! Irú òróró kan tí wọ́n ń pè ní squalene pọ̀ gan-an nínú ẹ̀, ó fúyẹ́ ju omi lọ dáadáa. Afẹ́fẹ́ máa ń fún pọ̀ tí ẹja bá lọ sísàlẹ̀, á sì tún wú tó bá gòkè, òróró ò ní wàhálà yẹn, ibi yòówù kó lọ á kàn rọra so rọ̀ sínú omi láìfi agbára ṣòfò, oúnjẹ kúkú wọ́n níbẹ̀.

Ojú ẹ̀ tóbi, ó sì ń tàn. Ọdẹ tó bá tanná sójú ẹtu lóru mọ irú ìtànṣán yẹn, dígí kan ló wà lẹ́yìn ojú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó bá wọlé padà kí ojú tún lè lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ní mítà 3,000 sì rèé, ìmọ́lẹ̀ tó wà ò ju èyí tó ń jáde lára àwọn ẹranko míì lọ. Ó tún ní àwọn ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ nímú tí nǹkan kan tó ki bí ògì kún inú ẹ̀, òun ló fi ń mọ iná mànàmáná kékeré tó ń jáde nínú iṣan ẹran míì (kò ní gbọn èèyàn jìgì bí òjìjí o, ó kàn ń gbọ́ ni).

Ẹja àti squid (ẹran òkun kan tí ò léegun, tí ọwọ́ ẹ̀ pọ̀) ló ń jẹ, wọ́n sì ti bá ẹran àbùùbùtán nínú ikùn ẹ̀, ìyẹn ẹran ràbàtà inú òkun tí a bù bù tí ò tán, tó bá kú tó rì sísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹnu ló ń yó nídìí ẹ̀. Eyín òkè ṣóńṣó bíi fọ́ọ̀kì, tìsàlẹ̀ tò pọ̀ bí ayùn, tòkè á dì í mú, tìsàlẹ̀ á gé e.

Ní ti ọmọ bíbí, akọ ní nǹkan ọkùnrin méjì, ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ṣáàkì. Ẹyin ń pa nínú abo, ọmọ á máa jẹ pupa ẹyin ẹ̀ títí yóò fi gbó tí ìyá á wá bí i láàyè, bíi ti ejò ọká. Wọn kì í sábà ju méjìlá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan. Àrọ̀ kan ṣoṣo táwọn tó ń sin ẹja ní Ifẹ̀ bá fún lábẹ́rẹ́ á yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóru ọjọ́ kan!

Ẹ̀dọ̀ tó gbé e dúró yìí náà ló ń pa á. Squalene ń wọnú ìpara, ó ń wọnú abẹ́rẹ́ àjẹsára flu kan, wọ́n sì ń pẹja yìí torí ẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí okùn ìwọ̀ gígùn tí wọ́n jù fún ẹja míì ń kó mọ́ wọn. Ẹja tó ń bímọ díẹ̀ báyìí tó sì ń pẹ́ kó tó dàgbà, wọ́n á pa á tán kó tó rí ti àná dí. Ní 2010 ni European Union sọ iye tí ọkọ̀ apẹja wọn lè pa nínú ṣáàkì ìsàlẹ̀ òkun di òdo. Òróró olifi náà ní squalene, ìrèké náà wà tí wọ́n ń fi ṣe é báyìí, ohun kan náà gan-an ni, ìyẹn ló fi jẹ́ pé tí ìpara kan bá wà lórí àtẹ ní Sábó tí wọ́n kọ squalane (ìyẹn squalene tí wọ́n ti ṣe kó má tètè bàjẹ́) sára ike ẹ̀, ojú lásán ò lè mọ̀ bóyá inú igi ló ti jáde ni àbí inú ẹ̀dọ̀.