Nígbà tí géèmù bá gba páàdì lọ́wọ́ ẹni: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí cutscene

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Rockstar tó ń ṣe géèmù gbé fíìmù ìpolówó kejì jáde fún Grand Theft Auto VI, èyí tí gbogbo wa ń pè ní GTA. Ó dán débi pé àwọn èèyàn ń jiyàn bóyá géèmù ni àbí sinimá. Rockstar fèsì pé orí ẹ̀rọ géèmù PlayStation 5 (PS5) ni àwọn ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pé ìdajì jẹ́ géèmù gbígbá, ìdajì yòókù jẹ́ cutscene. Èsì yẹn ló tún da ọ̀rọ̀ rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù géèmù tí mò ń lọ ní Ajílósùn, l'Ádó-Èkìtì, ti ń bi mí ní ìbéèrè. Àwọn òbí wọn náà ń bi mí. Mo kó wọn jọ síbí.

Kí ló ń jẹ́ cutscene gan-an?

Fíìmù kékeré tó máa ń já wọ àárín géèmù ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, páàdì tí o fi ń darí géèmù di igi lásán lọ́wọ́ rẹ. Tẹ bọ́tìnnì títí, akọni tí ò ń darí kò ní gbọ́. Á máa sọ̀rọ̀, á máa rìn, á máa jà bí ẹni tó ṣe géèmù náà ṣe fẹ́, títí wọn á fi dá a padà fún ọ.

Ta ló dá a sílẹ̀?

Géèmù Pac-Man, láti Japan lọ́dún 1980, ti ní irú rẹ̀: lẹ́yìn ìpele kejì, iwin á lé Pac-Man lọ, Pac-Man á wá padà dé ní fìrìgbọ̀n, á máa lé iwin. Orúkọ cutscene yìí ní tirẹ̀, Ron Gilbert ló fún un nígbà tó ń ṣe géèmù Maniac Mansion, tó jáde lọ́dún 1987.

Kí ló dé tí a ò fi mọ èyí tó jẹ́ géèmù yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ cutscene?

Nítorí pé ẹ̀rọ kan náà ló ń ya méjèèjì báyìí. Láyé PlayStation àkọ́kọ́, wọ́n á ti ya fíìmù náà tán níbòmíràn kí wọ́n tó kó o sínú síídì. Final Fantasy VII, tó jáde lọ́dún 1997, gba síídì 3. Fíìmù wà lára ohun tó jẹ ààyè. Nínú fíìmù, ojú akọni á máa dán. Tó bá padà sínú géèmù, ọwọ́ rẹ̀ á dà bí ìtì igi. Ọmọdé mọ ìyàtọ̀. PS5 ti pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́. Ohun tó ṣì máa ń tú àṣírí ni máàpù kékeré tó máa ń wà ní igun tẹlifíṣọ̀n bí èèyàn bá ń gbá a, fíìmù ìpolówó yẹn kò sì fi í hàn.

Ṣé kò sí géèmù tí kò ní in?

Ó wà. Half-Life, tí Valve ṣe lọ́dún 1998, kò gba akọni lọ́wọ́ rẹ láti lọ wo fíìmù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, inú ọkọ̀ ojú irin lo wà, o lè rìn, o lè yíjú síbi tó bá wù ọ́, ìtàn sì ń lọ níwájú rẹ.

Géèmù la wá gbá. Kí ni wọ́n ń fi fíìmù ṣe?

Ẹ rántí àlọ́ àpagbè. Apàlọ́ á sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á dákẹ́. Bó bá dé ibi orin, wọ́n á gbè é. Bí o kò bá mọ ìdí tí Ìjàpá fi ń sunkún, ègbè kò ní dùn lẹ́nu rẹ. Cutscene ni ọ̀rọ̀ apàlọ́, géèmù gbígbá ni ègbè. Ó tún ń ṣiṣẹ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀: bí ò ń wò ó, ẹ̀rọ lè máa kó ibi tó kàn sílẹ̀, kí o má baà jókòó ti tẹlifíṣọ̀n dúdú.

Ṣé ó ń tún géèmù ṣe ni, àbí ó ń bà á jẹ́?

Cutscene tó bá sọ ohun tí ọwọ́ kò lè sọ, ó gbé géèmù ga. Èyí tó bá ṣe ohun tó yẹ kí ọwọ́ mi ṣe, ó jà mí lólè.

Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ The Last of Us, tó jáde lọ́dún 2013. Ọmọbìnrin kan jí lóru, ó ń wá bàbá rẹ̀. Ìwọ lò ń mú un rìn kiri nínú ilé. Nígbà tó yá, ìlú dàrú, ọmọ fẹsẹ̀ ṣèṣe, bàbá gbé e, páàdì rẹ ló ń sáré náà. Sójà kan dá wọn dúró, géèmù gba páàdì lọ́wọ́ rẹ, sójà yìnbọn, ọmọ kú sọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, mo ṣì ń tẹ bọ́tìnnì. Kò sí èyí tó lè gbà á là. Bàbá náà kò ní nǹkan kan tó lè ṣe, èmi náà kò ní, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Ká ní wọ́n jẹ́ kí n ṣì máa sá eré lọ ni, mi ò bá tí sunkún.

Ẹ wá wo èkejì, tí mo ti bá pàdé nínú géèmù tó pọ̀. O bá ọ̀gá ọ̀tá jà fún ogún ìṣẹ́jú, o dá a, ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Cutscene bẹ̀rẹ̀: ọ̀tá dìde, ó gbá akọni rẹ ṣubú, ó sá lọ. Ta ló wá ja ìjà tí mo jà? Bí wọ́n bá ṣe irú èyí nínú ìjàkadì, ojú agbo á dàrú.

Gígùn náà ń bà á jẹ́. Fíìmù ìparí Metal Gear Solid 4, ti ọdún 2008, ju wákàtí kan lọ.

Kí ló fi ń dun àwa tó báyìí?

Nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ń fi wákàtí ra géèmù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan san owó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó fi síídì sí i, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ X, ó tẹ Start, kò fò. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo fóònù onígéèmù níbi tí aago ti ń kà. Ó ní, "Bọ̀dá, mi ò tíì gbá nǹkan kan o, fíìmù ni mò ń wò." Bọ̀dá dá a lóhùn pé jẹnẹrétọ̀ tó ń jó epo níta kò mọ fíìmù. Kò parọ́, ọmọ náà kò sì jẹ̀bi. Ẹ̀yin onígéèmù tí ẹ bá ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ máa dá aago dúró fún cutscene àkọ́kọ́.

Bí iná bá lọ láàárín cutscene ńkọ́?

Fi géèmù pamọ́ kí o tó wọlé tọ ọ̀gá ọ̀tá. Ó ṣeé ṣe kí o tún ìjà náà jà, ṣùgbọ́n ohun tí o ti ṣe ṣáájú rẹ̀ kò ní sọnù.

Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́wàá ń gbá GTA. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo ara páálí GTA V tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù: 18 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé kì í ṣe ti ọmọdé. Ọ̀pọ̀ òbí á yọjú, wọ́n á rí i pé ọmọ ń wa mọ́tò, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú cutscene, wọ́n máa ń bú èébú burúkú, ibì kan sì wà nínú géèmù náà tó jẹ́ pé páàdì ẹni tó ń gbá a gan-an ni wọ́n fi ń dá èèyàn lóró. Ẹ jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ tó sọ pé géèmù lásán ni.

Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù. Ṣé kí n fi cutscene sí tèmi?

Fi sí i, kó kúrú, kó sì sọ Yorùbá. Bó bá jẹ́ ará Ìkéré ni akọni rẹ, jẹ́ kó fọ èdè Èkìtì bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ lábẹ́ òkè Olósùnta, kí o kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀. Kí o sì fi bọ́tìnnì tí wọ́n lè fi fò ó síbẹ̀, nítorí ọmọ tó san owó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.