Ṣé kò lè pariwo ni?

Ìbéèrè yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ti pe ẹbí jọ, ọmọbìnrin náà ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí àgbà kan fi tún fìlà rẹ̀ dé, tó ní: "Nínú ilé tí èèyàn kún fọ́fọ́ yẹn? Ṣé kò lè pariwo ni?" Àwọn yòókù á mi orí. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ náà ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Ẹni tó fipá bá a lò ti bọ́ síbi kan, ó jókòó.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ẹni tí kò bá fẹ́, á jà, á geni jẹ, á figbe ta. Ẹni tí kò ké, ó gbà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ irọ́ ni.

Ẹ bi ẹni tó ti pa adìyẹ ọdún rí. Adìyẹ á sáré yí àgbàlá ká, á máa ké. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, tí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, tí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dákẹ́ wẹ́lo. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì mira. Àlùfáà Jámánì kan, Athanasius Kircher, ti kọ èyí sínú ìwé láti ọdún 1646. Mi ò tíì rí ẹni tó wo adìyẹ bẹ́ẹ̀ tó ní ó fẹ́ kí wọ́n pa òun.

Èèyàn náà ní irú rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá kọjá ààlà, tí ọpọlọ rí i pé ọ̀nà àtisá ti dí, tí agbára àtijà kò sì sí, ó lè so ara mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́. Ohùn á há, ẹsẹ̀ kò ní gbéra. Kò sẹ́ni tó ń jókòó yan èyí fúnra rẹ̀. Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n: a máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ pèsì jẹ, pé ara òun kú. Bí ẹni tí adigunjalè ká mọ́lé bá ní òun kò lè pe orúkọ ọmọ òun lójú ìbọn, àánú rẹ̀ la máa ń ṣe.

Àwọn olùwádìí ní Stockholm bi obìnrin 298 tó wá sí ilé ìwòsàn láàárín oṣù kan tí wọ́n fipá bá wọn lò. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 70 ló ní ara àwọn kú bẹ́ẹ̀, tí ti 48 nínú wọn sì le koko. Ọdún 2017 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Nígbà tí wọ́n tún wo àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìpayà tí kì í lọ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó lágbára wọ́pọ̀ lára àwọn tí ara wọn kú ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ jù ni à ń bínú sí. Òun gan-an náà á máa bi ara rẹ̀ lóru pé, kí ló dé tí mi ò pariwo?

Àwọn kan á fa Deutarónómì 22 yọ, níbi tí òfin ti dá ọmọbìnrin tí kò ké nínú ìlú lẹ́bi. Wọn kì í ka ẹsẹ díẹ̀ sísàlẹ̀, níbi tó ti ní ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò nínú oko dà bí ìgbà tí èèyàn dìde sí aládùúgbò rẹ̀ tó sì pa á, pé ọmọ náà ké, ẹni tó máa gbà á ni kò sí.

Ní tiwa, ta ni ọmọ fẹ́ ké pè? Ìwádìí tí àjọ tó ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà bá UNICEF ṣe lọ́dún 2014 fi hàn pé ọ̀kan nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, àti ọ̀kan nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ni wọ́n ti hu irú ìwà ipá yìí sí kó tó pé ọdún 18. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: ẹni tí ọmọ mọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó lè jẹ́ bọ̀ọ̀dá tó ń san owó ilé ìwé, tàbí olùkọ́ ilé kéú, tàbí ẹni tí a ti kọ́ ọ kó máa kúnlẹ̀ kí. Ọmọ tí a lù nítorí pé ó gbóhùn sókè sí àgbà la tún ń bi pé kí ló dé tí kò gbóhùn sókè.

Òfin kò fi ariwo ṣe òṣùwọ̀n. Abala 357 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ fún Gúúsù Nàìjíríà sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" tí wọ́n fi ipá, ìhàlẹ̀ tàbí ìbẹ̀rù ìpalára gbà lẹ́nu obìnrin, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tó de ìwà ipá sí ènìyàn, sì fi ọkùnrin tí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ sí kún un.

Ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ni ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Oògùn tí kò ní jẹ́ kí oyún dúró náà kì í fẹ́ ìdúró. Kó má tíì wẹ̀, kí wọ́n kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá. L'Ékòó, Mirabel Centre ti wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013 fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, tí ẹbí fi Sátidé àti Sọ́ńdè wádìí ẹni tó gbọ́ ariwo, tí wọ́n ní kí bàbá àgbà ti abúlé dé ná, lálẹ́ Mọ́ńdè, wákàtí 72 ti pé.