Ẹ yéé pè é ní "fíìmù ìṣe ààyè", eré àfaraṣe lorúkọ ẹ̀

Àárọ̀ Sátidé kan ni, mo jókòó sí fàráǹdà nílé wa ní Tanke, nílùú Ilọrin, mò ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà mi jẹ́jẹ́, màmá mi tó wá kí wa láti Òmù-Àrán ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rédíò ń ké. Ọmọkùnrin tó ń ka ètò bá ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn àwọn máa sọ̀rọ̀ lórí "fíìmù ìṣe ààyè ti Pinocchio," ìtàn ọmọláńgidi onígi tó fẹ́ di èèyàn yẹn. Màmá mi gbójú sókè nínú ẹ̀wà. "Ìṣe ààyè kẹ̀? Ṣé ẹni tó ṣe é ò tíì kú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun, àmọ́ nígbà tó yá inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, torí màmá mi ò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Yorùbá ni wọ́n bá a sọ, Yorùbá náà ló gbọ́. Live action lòyìnbó ń pè é, fíìmù tí èèyàn gidi ṣe, tí kì í ṣe kàtúùnù. Ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ ká bi. Ó ṣí díṣọ́nárì, ó wo live ó rí ààyè, ó wo action ó rí ìṣe, ó lẹ méjèèjì pọ̀ bíi fọgannáísà tó ń lẹ túbù, ó bá tiẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ dúró wò ó bóyá atẹ́gùn ṣì ń jáde.

Àwọn tó ní ká má túmọ̀ ẹ̀ rárá, ká ṣáà máa pè é ní láìfù-ákíṣọ̀n, èmi náà wà lára wọn tẹ́lẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Ohun tó lé mi kúrò níbẹ̀ rèé. Ọmọkùnrin kan wà ní Sango tó máa ń fi bọ́ọ̀lù han àwọn èèyàn, ó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀, mo bá a dúnàádúrà pé kó bá wa gbé Pinocchio láìfù-ákíṣọ̀n sí i fáwọn ọmọ àdúgbò lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀lù ò sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé DStv ló ń gbé e?" Mo ní rárá o, fíìmù ni, ó wà lórí fúláàṣì lọ́wọ́ mi níbí. Ó ní, "Kí lẹ wá ní ó jẹ́ láìfù fún?" Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, láìfù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ bó o ṣe ń wò ó, ó parí, Premier League ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ wa, kò sì ní dá a padà. Nígbà táwọn ọmọ dé, ákíṣọ̀n tí wọ́n gbọ́ nínú orúkọ ẹ̀ tún ń ṣe tiẹ̀, ìbọn àti ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń retí, fíìmù ti lọ tó wákàtí kan ẹnikẹ́ni ò tíì yìnbọn, ọmọ mẹ́rin dìde wọ́n bá tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú orúkọ yẹn, méjèèjì ló tan èèyàn jẹ.

Ọ̀gá kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, tíṣà Yorùbá ni wọ́n, wọ́n ní "fíìmù ojúlówó" ló yẹ kó jẹ́. A ti fa ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wa lórí WhatsApp débi tí ìyàwó mi fi ní kí n gbé fóònù sílẹ̀ kí n sùn. Ọ̀gá, ẹ forí jì mí, àmọ́ tí tibí bá jẹ́ ojúlówó, ṣé ayédèrú wá ni kàtúùnù? Iṣẹ́ táwọn èèyàn fi ọdún gbáko yà? Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Ní 2022 Guillermo del Toro, tó máa ń darí fíìmù, gbé Pinocchio tiẹ̀ jáde, ọmọláńgidi gidi ni wọ́n lò, ohun tó ṣeé gbé lọ́wọ́ ni, ó ní aṣọ, ó ní oríkèé, wọ́n á sún apá ẹ̀ díẹ̀ wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún sún un díẹ̀ wọ́n á tún yà á, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí fíìmù fi parí. Ohun tó wà níwájú kámẹ́rà yẹn, ojúlówó ni, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n máa fún un ní Oscar ní 2023, àárín àwọn kàtúùnù ni wọ́n ti fún un, kò sì sẹ́ni tó bá wọn jà. Ta ló ń fi ara ara ẹ̀ rìn, ta ni wọ́n ń sún kiri, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹnì kan tún ti ibì kan jáde, òun ní "eré ẹlẹ́ran-ara." Háà. Nílùú Ilọrin yìí? Ẹ gbé pátákó yẹn kọ́ síta kẹ́ ẹ wò ó, àlùfáà á ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé, pásítọ̀ náà á ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé, àwọn tó máa wá wọlé pẹ̀lú ìyẹn, ohun tí wọ́n bá wá ò ní í sí níbẹ̀.

Èmi ní eré àfaraṣe. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn, ara ẹ̀ ló fi ṣe é, àfaraṣe nìyẹn. Kàtúùnù tó jẹ́ ìkejì ẹ̀, mo pè é ní àfọwọ́yà, torí ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. A ti ní àfọwọ́kọ tipẹ́tipẹ́, a ní àfarawé, ọmọ ilé ìwé ò ní í bi yín pé kí nìyẹn, etí Yorùbá ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yà á báyìí, kì í ṣe ọwọ́ mọ́, mo gbọ́, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń di máòsì mú ni? Ẹnì kan ní tóun bá ti gbọ́ àfaraṣe, ẹni tó fara ṣèṣe ló ń wá sóun lọ́kàn. Kó pẹ̀lẹ́ o. Kó lọ gba ìtọ́jú. Ẹlòmíì ní kí n tún wá orúkọ fún kí wọ́n mú ìwé kí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù, àmọ́ ẹ ti sọ ọ́ tán nísinsìnyí, sísọ ìwé di eré, kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe sí i?

Ìdí tí orúkọ yìí fi ń yọ wá lẹ́nu ni pé ohun tó ń jẹ́ ẹ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju orúkọ ẹ̀ lọ. Ògúńdé ṣe Aiyé ní 1979, àwọn àjẹ́ inú ẹ̀, èèyàn ló fara ṣe wọ́n, ta ló pe ìyẹn ní láìfù-ákíṣọ̀n? Kò sẹ́ni, torí kò sí àfọwọ́yà ẹ̀ kankan tá a ti wò ṣáájú. Kí adìyẹ àgírìkì tó dé, ṣé ẹnikẹ́ni ń pe adìyẹ ní adìyẹ ìbílẹ̀? Adìyẹ ni. Ìgbà tí èyí tí wọ́n fi fíìdì wò dé ọjà Ìpàta la tó wá orúkọ fún èyí tó ti wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ìgbà tí gbogbo ọmọdé ayé ti mọ ìtàn kan nínú kàtúùnù, tí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ fi èèyàn tún un ṣe, ìgbà yẹn lẹnu ń wá orúkọ kiri.

Ó dáa, ẹni tí ò tíì yé, kó bá mi ká lọ sí Èsìẹ́. Ẹni tó ti wọ mùsíọ́mù ibẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ (1945 ni wọ́n ṣí i, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ẹ má jẹ́ kí ará Èkó kankan sọ ohun míì fún yín). Ère òkúta ló kún ibẹ̀, wọ́n lé ní 800, ọkùnrin, obìnrin, ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, òmíì di àdá mú, irun dídì wà lórí wọn, ilà wà lójú wọn. Ìtàn táwọn àgbà fi tọ́ wa ni pé èèyàn làwọn yẹn tẹ́lẹ̀, àlejò tó wọ̀lú tí wọ́n di òkúta. Ẹ wá dá ìtàn yẹn padà sẹ́yìn. Ẹ dúró níwájú obìnrin òkúta kan, ẹ ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ẹ mọ ibi tí irun ẹ̀ yà sí, ẹ mọ iye ilà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Obìnrin kan wá gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Irun yẹn náà ló dì. Ilà yẹn náà ló wà lójú ẹ̀. Ó fa àpótí, ó jókòó bí tòkúta yẹn ṣe jókòó gẹ́lẹ́, àmọ́ èyí ń mí, òógùn ń yọ níwájú orí ẹ̀, eṣinṣin bà á létí ó fọwọ́ lé e, kò pẹ́ ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ó sì yí jókòó. Òkúta ni àfọwọ́yà, obìnrin yẹn ni àfaraṣe. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọn kì í yà á, mo mọ̀, ẹ jẹ́ n sinmi.

Mo mú Pinocchio torí pé igi tó ń wá bó ṣe máa di ẹlẹ́ran ara ni gbogbo ìtàn ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ fẹ́ kúrò ní àfọwọ́yà kó di àfaraṣe. Carlo Collodi, ará Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé ní 1881, ó di odidi ìwé ní 1883. Ìwé yẹn le, ẹ má wò ó pé ọmọdé ló wà fún. Ìrẹ̀ tó ń gba ọmọ náà nímọ̀ràn, òòlù ni ọmọ náà jù bà á, ibi tó lẹ̀ mọ́ lára ògiri ló kú sí. Collodi tiẹ̀ kọ́kọ́ parí ìtàn náà síbi tí wọ́n ti so Pinocchio rọ̀ sórí igi, ìgbà tí wọ́n ní kó máa kọ ọ́ lọ ló tó wá ẹni tó máa já a sílẹ̀. Nígbà tí Disney fi máa fọwọ́ yà á ní 1940, ìrẹ̀ yẹn ti wọ kóòtù, ó ti dé fìlà gogoro, ó ń kọrin. Ìyẹn ni gbogbo wa mọ̀, ìyẹn là ń pè ní ìtàn náà.

Ló fi jẹ́ pé nígbà tí Matteo Garrone, ará Ítálì tó ń darí fíìmù, ṣe àfaraṣe tiẹ̀ ní 2019, àwọn kan ń pariwo pé ó ti ba ìtàn jẹ́, ó ṣókùnkùn jù. Ìwé ló padà sí o, ẹ̀yin lẹ ò kà á. Ọmọ kékeré kan, Federico Ielapi, ló fara ṣe Pinocchio níbẹ̀, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn lójú àti lọ́rùn tó fi dà bí igi, títí kan ìlà tó máa ń wà lára pákó, iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi fa fíìmù náà kalẹ̀ fún Oscar. Ẹ wo ojú ọmọ náà dáadáa tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò mira, iwájú orí ò mira, pákó ni, ṣùgbọ́n ẹyinjú méjì wà láàárín pákó yẹn tó tutù, tó ń ṣẹ́jú, tó ń wo bàbá tó gbẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó yà á. Roberto Benigni ló ṣe bàbá yẹn. Benigni yìí kan náà ló ṣe Pinocchio fúnra ẹ̀ ní 2002, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ẹni 50 ọdún, àgbàlagbà tó ń fò káàkiri bí ọmọdé, àfaraṣe nìyẹn náà, mi ò sọ pé ó dùn ún wò.

Èyí tí Robert Zemeckis ṣe fún Disney ní 2022, Tom Hanks fara ṣe bàbá, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya ọmọ. Ẹ pè é ní àdàpọ̀, mi ò ní torí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà.

Èyí tí mo máa torí ẹ̀ jà ni The Lion King ti 2019. Gbogbo ayé ló ń pè é ní láìfù-ákíṣọ̀n, àwọn onírédíò yẹn ní ìṣe ààyè, wàláhì, ààyè wo? Kìnnìún kankan ò débẹ̀. Jon Favreau tó darí ẹ̀ fúnra ẹ̀ sọ pé àwòrán kan ṣoṣo ló jẹ́ ti kámẹ́rà gidi ní gbogbo fíìmù náà, ibi tí oòrùn ti ń yọ níbẹ̀rẹ̀, ìyókù kọ̀ǹpútà ni. Irun ọrùn kìnnìún yẹn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, èèyàn á fẹ́ fọwọ́ pa á, àfọwọ́yà ni síbẹ̀. Ọ̀gá mi olójúlówó ní ká wo bó ṣe rí lójú. Mo ní ọ̀gá, ère Èsìẹ́ náà jọ èèyàn, ṣé ẹ máa gbé oúnjẹ fún un? Láti ìgbà yẹn wọn ò tíì fèsì, mo rí i pé wọ́n ti ka mẹ́sẹ́èjì mi, máàkì méjèèjì ti di búlúù.

Ọmọkùnrin Sango yẹn ti gba orúkọ tèmi báyìí o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó dúdú tó máa ń gbé síta, lábẹ́ Arsenal, ERE AFARASE, PINOCCHIO, AAGO 4. Kò fi àmì kankan sí i, mo gbójú kúrò níbẹ̀. Mo ti fẹ́ máa lọ kí n tó rí i pé ó mú ṣọ́ọ̀kì pupa, ó kọ LIVE sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní kí wá ni tìyẹn? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí n ò bá kọ ìyẹn sí i, wọn ò ní wọlé."