Percussion revolver: ìbọn tó yá láti yìn, tó pẹ́ láti kì

Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ nínú orúkọ yìí, èkejì la sì mọ̀ jù. Revolver ni ìbọn ìléwọ́ tó ní sìlíńdà róbótó láàárín, ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà lára rẹ̀, tó ń yí bí wọ́n bá ṣe ń kẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti wo fíìmù kọ́bọ́ì rí ti rí i. Percussion ni a kì í béèrè. Lílù ló túmọ̀ sí: òòlù ìbọn á lu nǹkan bíńtín kan, nǹkan bíńtín náà á sì tanná ran ẹ̀tù.

Ohun tó wà ṣáájú ni irú èyí tí àwọn baba ọdẹ wa mọ̀ dáadáa, ìbọn olókùúta. Akọ òkúta á kọ lu irin, iná á ta sórí ẹ̀tù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ibẹ̀ ni yóò gbà wọnú. Bójò bá rọ̀, ó parí. Wọ́n ní Alexander Forsyth, pásítọ̀ ará Scotland kan tó fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe, ló ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ ń rí iná àwo yẹn, wọ́n sì ń fò lọ kí ọta tó dé. Ní 1807 ló gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe ohun téèyàn hùmọ̀, lórí lílo kẹ́míkà tó jẹ́ pé lílù lásán ló ń mú un gbiná. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1830, kẹ́míkà náà ti ń wà nínú fìlà bàbà tíntìntín kan tí wọ́n ń dé sẹ́yìn ìbọn. Percussion cap nìyẹn.

Láìsí fìlà yìí, sìlíńdà tó ń yí kò bá má ríṣẹ́ gidi ṣe. Elisha Collier ṣe revolver olókùúta ní nǹkan bí 1818, ṣùgbọ́n ó díjú, owó rẹ̀ sì wọ́n. Samuel Colt, ọmọ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ló fi revolver onífìlà jèrè. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó gba pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà ní 1836. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Paterson, New Jersey, kógbá wọlé ní 1842. Àwọn Texas Rangers, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ààlà Texas, ló gbà á kalẹ̀: wọ́n ti lo ìbọn rẹ̀ lójú ìjà, ọ̀gágun wọn kan, Samuel Walker, sì bá a jókòó kí wọ́n tún un ṣe. Èyí tó jáde ní 1847 tó kílò méjì. Ara gàárì ẹṣin ni wọ́n ń so ó mọ́, nítorí ìbàdí wo ló fẹ́ gbé e?

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kì í, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìwà àwọn tó lò ó ti wá. Wọ́n á rọ ẹ̀tù sínú ihò kan, wọ́n á fi ọta òjé rogodo lé e, wọ́n á yí ihò náà bọ́ sábẹ́ ọ̀pá ìkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí ọta á fi há débi pé ihò á fá etí òjé náà bí òrùka. Ihò tó kù, bákan náà. Wọ́n á fi ọ̀rá dí ẹnu gbogbo ihò, nítorí ẹta iná lè fò láti inú ọ̀kan wọ òmíràn kí méjì mẹ́ta bú lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dé fìlà sẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn nínú ilé o. Ẹ fojú inú wo ẹni tó wà lórí ẹṣin tó ń sáré, tí wọ́n ń lé bọ̀. Fìlà tó ti bú tún máa ń fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á bọ́ sínú ibi tí òòlù ń gbà, ìbọn á há. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń na ẹnu ìbọn sókè bí wọ́n bá ń kẹ́ ẹ, kí àfọ́kù lè já bọ́ sẹ́yìn.

Ó ń yá láti yìn, ó ń pẹ́ láti kì. Èyí ló fà á tí àwọn jàǹdùkú ológun Missouri, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láàárín 1861 sí 1865, fi ń gbé mẹ́ta mẹ́rin rìn. Èyí tí ọta rẹ̀ bá tán, wọ́n á tì í bọ àpò, wọ́n á yọ òmíràn. Àwọn tó ní revolver ilé iṣẹ́ Remington tilẹ̀ lè yọ sìlíńdà rẹ̀ kíá, kí wọ́n fi èyí tí wọ́n ti kì sílẹ̀ rọ́pò. Wild Bill Hickok, ayìnbọn tó lókìkí nígbà náà, ń gbé Colt Navy méjì, ọ̀kan lára irú revolver onífìlà tí Colt ṣe. Ní July 21, 1865, ní Springfield, Missouri, òun àti Davis Tutt dojú kọra ní nǹkan bí àádọ́rin mítà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, Tutt sì kú. Sinimá ló ń fi ọta mẹ́fà ṣòfò.

Ohun tó pa fìlà ni kátírììjì, bàbà kan ṣoṣo tó kó ẹ̀tù, ọta àti ohun tó ń tanná mọ́ra. Smith & Wesson, ilé iṣẹ́ ìbọn mìíràn, ti ń ta revolver oníkátírììjì láti 1857, pátẹ́ǹtì tó wà níkàáwọ́ wọn sì dí àwọn yòókù lọ́nà títí di 1869. Ní 1873 ni Colt mú revolver oníkátírììjì tó lókìkí jù jáde. Kí Kìrìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, revolver onífìlà ti di ohun àná lọ́hùn-ún.

Antique, ìyẹn ohun àtijọ́, tí wọ́n ń pè é lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968 ka ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí antique, kò sì kà á mọ́ ìbọn tó wà lábẹ́ òfin náà. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn rà á ránṣẹ́ sílé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò wo ọjọ́ orí: ó ka revolver àti ìbọn ìléwọ́ sára ohun tó jẹ́ èèwọ̀, ó sì dárúkọ olókùúta àti onífìlà pẹ̀lú. Ṣakabùlà ọdẹ wà ní ìsọ̀rí mìíràn nínú ìwé kan náà, tòun ti pé ẹ̀tù kan náà ni wọ́n ń rọ sí i.