Bí Ìtàn Àwọn Júù Ṣe Bọ́ Sínú Kásẹ́ẹ̀tì

Kí kásẹ́ẹ̀tì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Berel Wein, rábì (olùkọ́ ẹ̀sìn Júù) kan ní Amẹ́ríkà, tó gbòde, ìtàn kò rí àyè púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Júù Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn tó di òfin ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin, níbẹ̀. Talmud, ìwé òfin àti àlàyé ẹ̀sìn àwọn Júù, ni olórí ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lé àwọn Júù kúrò ní Sípéènì ní 1492, àfi kí ó lọ wá ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, èyí tí àwọn olùfọkànsìn mìíràn tilẹ̀ ń fura sí.

Ìlú Chicago ni wọ́n ti bí Wein ní 1934, sínú ìdílé rábì tó ṣẹ̀ wá láti Lithuania. Ó máa ń sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kété lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Isaac Herzog, tó jẹ́ Rábì Àgbà ilẹ̀ Palẹ́sítínì nígbà náà, wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ó sunkún lójú wọn nítorí àwọn ọmọ Júù tí wọ́n fi pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì nígbà ogun, tí Póòpù kò sì dá padà, ó wá bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn náà yóò ṣe fún ìran wọn.

Wein kọ́kọ́ ṣe agbẹjọ́rò kó tó di rábì ní Miami Beach ní 1964. Ní 1973 ó dá ìjọ Bais Torah sílẹ̀ ní agbègbè Monsey, ìpínlẹ̀ New York. Àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó ń ṣe ni wọ́n gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ sì lè máa gbọ́ lọ́nà. Ìṣe lọ́yà kò kúrò lára rẹ̀: ó ń to ọ̀rọ̀ bí ẹni ń rojọ́, ó ń dá àpárá, kì í sì í fi èrò tirẹ̀ pamọ́. Ọwọ́ Ọlọ́run ló ń wá nínú ìtàn, nítorí náà ẹni tó bá ń retí ìwádìí aláìgbè-sẹ́yìn-ẹnikẹ́ni kò ní rí i níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ìwé dé, àtẹ̀yìnbọ̀ ló sì kọ wọ́n: èyí tó jáde ní 1990 bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọdún 1650, ti 1993 padà sẹ́yìn dé ọdún 750, ti 1995 ló tó kan ayé àtijọ́. Ó kó lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1997, ó ń kọ́ni níbẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kẹjọ 2025, lẹ́ni ọdún 91, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.