Bí method ṣe ń mọ object tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀

Bí oníṣòwò àdìrẹ méjì bá sọ ní ọjà Ìtòkù, l'Ábẹ́òkúta, pé "ọjà mi ti kù díẹ̀", gbólóhùn kan náà ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìsọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń fún "mi" ní ìtumọ̀. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà self ń ṣe nínú Python, tí this sì ń ṣe nínú Java, àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà.

Ká ní wọ́n kọ class kan (àwòṣe tí wọ́n fi ń dá object), Iso, fún àkọsílẹ̀ iye ìró tó wà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò kọ method ta (method ni iṣẹ́ tí object lè ṣe), bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún object, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìsọ̀ kan, bí iso1 àti iso2, ni wọ́n fẹ́ dá láti inú class náà. Orúkọ tó ṣáájú àmì ìdánudúró ló ń sọ ìsọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn: bí wọ́n bá kọ iso1.ta(3), Python á kà á bí ẹni pé Iso.ta(iso1, 3) ni wọ́n kọ, iso1 á sì bọ́ sípò self. Ìlà self.oja = self.oja - iye, níbi tí iye ti jẹ́ 3, yóò wá sọ ogójì ìró iso1 di mẹ́tàdínlógójì, láìfọwọ́ kan ti iso2.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á kọ def ta(iye) láìfi self sí i, Python á sì fèsì pé ohun kan ni method náà ń gbà, méjì ni wọ́n fún un. Ẹni tó fi 3 nìkan ránṣẹ́ á máa wá èkejì kiri, bẹ́ẹ̀ object fúnra rẹ̀ ni, òun ló sì kọ́kọ́ wọlé. Python kò fi dandan lé orúkọ náà, emi pàápàá á ṣiṣẹ́, àmọ́ self ni gbogbo ayé mọ̀, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ojú ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn wa.

Nínú Java, this kì í sí lára ohun tí wọ́n ń kọ sínú àkámọ́ method. Ó pọn dandan nígbà tí orúkọ ohun tó wà nínú object àti ti ohun tí method gbà bá bára mu: this.oja = oja ń gbé iye tuntun sínú object, ṣùgbọ́n oja = oja kò yí object padà rárá, kò sì ní í fa àṣìṣe tí ètò yóò fi dúró. Èyí léwu ju àṣìṣe tó pariwo lọ.

Ti JavaScript, èdè kẹta, ló gba ìṣọ́ra jù, torí pé bí wọ́n ṣe pe method ló ń pinnu this. Bí wọ́n bá yọ iso1.ta sínú orúkọ mìíràn, t, tí wọ́n wá pe t(3), this kò mọ ìsọ̀ kankan mọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá rí "ọjà mi ti kù díẹ̀" lára ògiri láìmọ ẹni tó kọ ọ́. Bind, method kan nínú JavaScript, ni wọ́n fi ń so ó padà mọ́ iso1 kí wọ́n tó pè é.